Tí Ẹ Bá Ti Já Ẹ̀rọ Sílẹ̀, Ẹ Yọ Ìkọ́ Ìdí Ọkọ̀

Ní ìpàdé oṣù tó kọjá, mo ṣèlérí pé n óò kọ̀wé lórí irin ìkọ́ tó máa ń wà ní ìdí ọkọ̀, nítorí àríyànjiyàn tó bẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò tán títí ilẹ̀ fi ṣú, a sì ní láti sún ọ̀rọ̀ èlé síwájú. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí ló kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nínú irin ìdí ọkọ̀. Ó kàn wá o. Ó ti gba owó lọ́wọ́ wa, ó sì ti ṣe ọ̀kan nínú wa léṣe.

Fún àwọn tí kò bá wa débẹ̀: ẹgbẹ́ ní píkọ́ọ̀pù kan, ó sì ní ẹ̀rọ tí ń pa àgbàdo kúrò lára ṣùkù, tó ní táyà méjì lábẹ́. Bí àgbàdo bá gbó, ẹni tó bá fẹ́ lò ó á san owó, dírẹ́bà á so ẹ̀rọ mọ́ ìdí píkọ́ọ̀pù, á wọ́ ọ lọ sí oko ẹni náà. Ohun tí a fi ń so ó ni irin kan tó yọ síta lábẹ́ bọ́ńpà ẹ̀yìn, tí orí rẹ̀ rí róbótó bí ọsàn wẹ́wẹ́. Tóbà ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Àwọn dírẹ́bà ní tiwọn ń pè é ní ìkọ́, ìkọ́ náà ni n óò sì máa pè é.

Mo ṣí ìwé tí a ń kọ ìháyà ẹ̀rọ sí. Bí a bá ka gbogbo ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà ń jáde lọ́dún, kò tó oṣù méjì. Oṣù mẹ́wàá tó kù ńkọ́? Píkọ́ọ̀pù ń kó àpò àgbàdo lọ sí Bódìjà, ó ń kó ajílẹ̀ bọ̀, ó tilẹ̀ ń gbé wa lọ síbi ìkómọjáde, ìkọ́ náà sì nà síta lẹ́yìn rẹ̀ bí ahọ́n ajá tí oòrùn ń pa. Kò sí ohun tó ń fà. Nítorí pé dírẹ́bà kò yọ ọ́ ni, àwa tí a ń rí i lójoojúmọ́ kò sì sọ pé kí ó yọ ọ́.

Oṣù kejì ọdún 2023 ni ọ̀rọ̀ dé. Ẹ rántí ìgbà náà dáadáa, ìgbà tí owó náírà wọ́n tí a ń tò sí ẹnu bánkì láti ìdájí. Ọjọ́ ọjà ni. Dírẹ́bà fi rifáàsì wọ ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ àwọn aláàgbàdo àti ẹlẹ́lùbọ́, ó já ẹrù, ó wá ohun jẹ lọ. Ìyá kan nínú wa ń bọ̀ láti ìdí ọkọ̀ mìíràn, bàsíà ẹ̀lùbọ́ wà lórí rẹ̀. Ẹni tó ru ẹrù kò lè wolẹ̀. Ojúgun rẹ̀ ló fi gbá ìkọ́ náà. Bàsíà dà nù, ìyá ṣubú, àwọn ènìyàn gbé e dìde, ó sì rẹ́rìn-ín pé kò sí nǹkan. Ó fi àdí pa á, ó fi aṣọ dì í, ó tún jókòó tajà títí di ìrọ̀lẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbí yìí, nítorí ó ní ìdí tó fi jẹ́ ojúgun. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní ilẹ̀ Yúróòpù ni pé bí ọkọ̀ bá ru ẹrù, kí àárín orí ìkọ́ ga ní sẹ̀ǹtímítà 35 sí 42 láti ilẹ̀. Ẹ mú tépù aránṣọ, kí ẹ fi wọn ẹsẹ̀ ara yín. Ẹ ó rí i pé ojúgun gan-an nibẹ̀, ibi tí egungun kò ní ẹran tó bò ó. Píkọ́ọ̀pù tí kò ru nǹkan kan lè ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, á wá kan àgbà lórúnkún, á kan ọmọdé nítan tàbí níkùn. Irin ni, kì í yẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, bọ́ńpà tó wà lókè rẹ̀ sì ń bò ó mọ́lẹ̀ tí ojú kò fi tètè rí i, pàápàá bí ọwọ́ alẹ́ bá lẹ́.

Ẹsẹ̀ ìyá wa kò jiná. Oṣù kan kọjá, èkejì tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn ni wọ́n tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, tí wọ́n rí i pé ó ní àtọ̀gbẹ, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ, egbò rẹ̀ kì í tètè jiná, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lè kú débi pé kò ní mọ bí egbò náà ṣe jìn tó. Ọlọ́run ṣàánú, wọn kò gé ẹsẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ó tó ìparí oṣù karùn-ún kí ó tó lè jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀ padà.

Láàrin àkókò yẹn, owó tí ó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wà nílẹ̀. Kò san ti oṣù kẹta, kò san ti oṣù kẹrin. Gbogbo ènìyàn ló ń wí nígbà náà pé àwọn kò rí owó mú jáde ní bánkì, mo sì rò pé ọ̀kan náà ni tirẹ̀. Èmi akọ̀wé yìí ni mo fi bírò pupa kọ owó ìtanràn sí abẹ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. N kò béèrè ohun tó ṣe é. Ìgbà tí mo fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn onídùúró rẹ̀ ni ọ̀kan nínú wọn wá bá mi ní ọ́fíìsì, kò jókòó, ó ní: “Akọ̀wé, ṣé ọkọ̀ ẹgbẹ́ ló máa ṣe èèyàn lẹ́sẹ̀, tí ẹgbẹ́ á tún máa gba owó ìtanràn lọ́wọ́ onítọ̀hún?” N kò rí èsì fọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ìkọ́ wa ló ṣe é.

Ìgbìmọ̀ pa owó ìtanràn náà rẹ́, a sì yọ owó oògùn láti inú àpò ìrànlọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni alága pàṣẹ pé kí wọ́n yọ ìkọ́ náà kíá. Kíá kọ́ ló jẹ́ o! Tiwa jẹ́ irú èyí tí a ń ki bọ inú ihò onígun mẹ́rin tó fẹ̀ ní íǹṣì méjì, tí a sì ń fi píìnì há a. Bí nǹkan bá wà bó ṣe yẹ kó wà, ìṣẹ́jú kan tó láti fa píìnì náà yọ. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ níbẹ̀. Ẹrẹ̀ ti wọ inú ihò, ó ti dípẹtà, irin ti di ọ̀kan náà. Wọ́n da dísù sí i, wọ́n fi òòlù lù ú, wọ́n tún da dísù sí i, àṣálẹ́ sì lẹ́ kí ó tó jáde. Ìyẹn náà jẹ́ ara ohun tí fífi í sílẹ̀ ń fà: ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, kò ní gbà.

Wàyí o, àríyànjiyàn oṣù tó kọjá. Ọ̀rọ̀ píkọ́ọ̀pù ẹgbẹ́ ti parí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti fi ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ ra píkọ́ọ̀pù tirẹ̀, tí ń wá já ẹrù ní àgbàlá ilé ìkẹ́rù wa. Mo dá a lábàá pé kí ọkọ̀ tí kò bá fa nǹkan má ṣe gbé ìkọ́ wọ àgbàlá náà. Bàbá wa kan, tó ti ń wakọ̀ láti ìgbà píkọ́ọ̀pù Peugeot 504, dìde ó ní mọ̀ọ́mọ̀ ni òun ń fi tòun sílẹ̀. Ó ní àwọn oníkọ̀ ní Ìbàdàn ń sún mọ́ ìdí ọkọ̀ èèyàn jù, bí wọ́n bá sì rí ìkọ́, wọ́n á jìnnà. “Ẹni tó bá gbá mi, ara rẹ̀ ló gbá.” Àwọn kan pàtẹ́wọ́.

N kò ní fi ọ̀rọ̀ Bàbá ṣẹ̀sín, nítorí òótọ́ wà níbẹ̀. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, bí ọkọ̀ ẹ̀yìn bá rọra kàn ọ́, ìkọ́ ló máa gbà á, bọ́ńpà rẹ kò ní ha. Ẹ̀rọ amómitutù ti ẹni tó wà lẹ́yìn ni irin náà lè dá lu. Ṣùgbọ́n tí eré bá wà nídìí rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ṣe bọ́ńpà àti ara ọkọ̀ kí wọ́n lè wó, kí agbára ìgbáni náà tán sára wọn. Irin ìkọ́ kì í wó. Ṣáásì ni wọ́n dè é mọ́, ṣáásì náà ló sì ń ti ìgbáni náà sí. Bọ́ńpà tó wó, ẹ ó pààrọ̀ rẹ̀. Ṣáásì tó tẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ páńẹ́bítà yín. Àwọn olùwádìí ní ilẹ̀ Sweden tó yẹ irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ wò rí i pé ọrùn ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó ní irin ìfàrù lẹ́yìn máa ń fara pa ju ti ẹlòmíràn lọ bí wọ́n bá gbá a látẹ̀yìn. Kí n má purọ́, yíyọ orí ìkọ́ nìkan kò mú irin tó wà lábẹ́ kúrò, ṣùgbọ́n ohun tó máa kọ́kọ́ kanlẹ̀ ti dín kù. Ọlọ́kadà tó bá sì rọ́ lù ú, mo fi í sílẹ̀ fún yín láti rò.

Ti nọ́ńbà ọkọ̀ náà wà níbẹ̀. Orí ìkọ́ mìíràn máa ń bo ọ̀kan nínú àwọn nọ́ńbà náà. Ní Jámánì, bí ìkọ́ tó ṣeé yọ bá bo nọ́ńbà tàbí iná, dandan ni kí onímọ́tò yọ ọ́ nígbà tí kò bá fa nǹkan. Ní tiwa níbí, àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó kì í fojú rere wo nọ́ńbà tí wọn kò lè kà. Ẹ má fún wọn ní ìdí láti dá yín dúró pẹ̀lú tòmátì nínú ọkọ̀.

Ẹni tí wẹ́dà jó tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ọkọ̀, kò lè yọ ọ́, mo gbà. Kí ó máa fi ìdí ọkọ̀ ti ògiri bó bá ti lè ṣe é, kí ó gé rọ́bà táyà bò ó lórí, kí ó so aṣọ pupa mọ́ ọn. Ní ọjọ́ tó bá lówó lọ́wọ́, kí ó jẹ́ kí wọ́n gé e, kí wọ́n fi oníhò tí a ń fi bóòtù dè mọ́ ṣáásì rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá sì ń yọ tirẹ̀, kí ó fi gíríìsì kùn ún, kí ó fi rọ́bà dí ihò náà kí ẹrẹ̀ má wọ̀ ọ́, kí ó sì kọ orúkọ sára rẹ̀. Mo ní kí ẹ kọ orúkọ, nítorí kì í ṣe ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Orí ti Yúróòpù jẹ́ mílímítà 50, ti Amẹ́ríkà wà ní íǹṣì 1⅞, 2 àti 2 5⁄16, tòkunbọ̀ sì ń kó gbogbo wọn dé ọ̀dọ̀ wa. Bí ẹ bá mú orí kékeré ti ẹlòmíràn sínú ife ẹ̀rọ tó tóbi jù ú lọ, ó lè fò jáde lórí òkè.

Dírẹ́bà wa ní iṣẹ́ òun ti pọ̀ sí i, ó ní kí a fi nǹkan kún owó òun. Agolo gíríìsì ni alága fún un. Ìkọ́ ẹgbẹ́ wà lórí ìṣó ní ọ́fíìsì mi báyìí, ní ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù ìwé owó, ẹni tó bá mú un á fọwọ́ síwèé, á sì dá a padà lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá dé.

Lórí ti àgbàlá ilé ìkẹ́rù, ìpàdé tó ń bọ̀ la ó dìbò. Ẹ wá, ẹ̀yin tí ẹ pàtẹ́wọ́ náà, ẹ wá. Àwọn tó bá fẹ́ háyà ẹ̀rọ ìpàgbàdo ní àsìkò yìí, kí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi kí oṣù tó parí. Orúkọ ìyá wa yẹn ló ṣáájú nínú ìwé. Kí ó tó kówó sílẹ̀, ó kọ́kọ́ jáde lọ wo ìdí píkọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀.