Kí Ìwé Tó Di Ìwé: Ètò Iṣẹ́ Ìtẹ̀wé ní Ṣómólú àti Bàríga

Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ nípa ètò ilé-iṣẹ́. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Àwa tí a ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ a máa sọ̀rọ̀ nípa òǹkọ̀wé, nípa ìtàn àti ìlò èdè. A kì í sábà dárúkọ ẹni tí ó gé bébà, ẹni tí ó fọ ẹ̀rọ, àti ẹni tí ó ń to ojú-ìwé jọ láti àárọ̀ di alẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni, láti ìgbà tí Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, ọwọ́ irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni lítíréṣọ̀ àpilẹ̀kọ wa ń gbà kọjá.

Ní Èkó, bí a bá dárúkọ ìtẹ̀wé, Ṣómólú ni ọkàn ń lọ sí. Ẹni tí ó bá gba òpópónà Bajulaiye tàbí Shipeolu kọjá yóò gbọ́ ìró ẹ̀rọ láti inú ilé dé ilé. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ tòkunbọ̀, Heidelberg ará Jámánì tí àwọn ará Yúróòpù ti lò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Iṣẹ́ kan náà kì í sì í parí lábẹ́ òrùlé kan. Ẹnì kan ni yóò ṣe pélétì, ẹlòmíràn ni yóò tẹ̀ ẹ́, ẹlòmíràn ni yóò fi ọ̀rá bo èèpo rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò gé e, ẹlòmíràn ni yóò dì í. Ní òtítọ́, àdúgbò náà lódindi, títí wọ Bàríga, ni ilé-iṣẹ́.

Ìmọ̀ kan wà tí ó jẹ́ pé irú ọ̀rọ̀ báyìí ni iṣẹ́ rẹ̀: ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó ń wo bí ènìyàn, ohun èlò àti àkókò ṣe ń bára wọn rìn lẹ́nu iṣẹ́. Frederick Taylor, ará Amẹ́ríkà, gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1911. Ní ìgbà kan náà, Frank Gilbreth ń wo àwọn tí ń to bíríkì, ó sì rí i pé ìgbà méjìdínlógún ni òṣìṣẹ́ ń gbé ara kí bíríkì kan tó jókòó. Ó dín in kù sí nǹkan bíi márùn-ún. Aago ni Taylor gbójú lé. Gilbreth àti ìyàwó rẹ̀ Lillian, tí òun jẹ́ onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, ń bèèrè ohun tí ó ń rẹ òṣìṣẹ́. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún mi, n ó sì padà bá a.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ "ẹ padà wá lọ́la" yẹ̀ wò, èyí tí kò sí òǹkọ̀wé kan tí kò tíì gbọ́ ọ rí. Àwa a máa rò pé ìwà ni. Ní 1961, John Little fi ẹ̀rí ìṣirò múlẹ̀ pé iye iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ jẹ́ iye tí ó ń wọlé lójúmọ́ lọ́nà iye ọjọ́ tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń lò. Ká ní iṣẹ́ 4 ni ó ń wọlé tí 4 sì ń jáde lójúmọ́, tí iṣẹ́ 24 wà nílẹ̀: ọjọ́ 6 ni ti oníbàárà. Bí ọ̀gá bá gba iṣẹ́ 24 mìíràn kún un, tí agbára ẹ̀rọ rẹ̀ kò yí padà, ọjọ́ 12 ni. Kò sí irọ́ níbẹ̀, kò sí àjẹ́ níbẹ̀.

Kí ló dé tí ó fi ń gbà á? Owó àsansílẹ̀ ni. Owó ẹni tí ó dé lónìí ni wọ́n fi ń ra bébà fún iṣẹ́ ẹni àná. Òkè òkun ni bébà ìtẹ̀wé ti ń wá jùlọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ bébà tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Jẹ́bà, ní Iwopin àti ní Oku-Iboku kò gba Ṣómólú lọ́wọ́ èyí. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ fún ọjà, iye tí òǹtẹ̀wé bá dá fún oníbàárà ní ọjọ́ Ajé lè má ra bébà mọ́ tí ó bá fi di ọjọ́ Ẹtì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí wọ́n tètè dá òun lóhùn, kí ó bá wọn ra bébà ní ọjọ́ tí wọ́n bá fohùn ṣọ̀kan, kí ó má fi owó ọwọ́ lásán sílẹ̀.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà wà nínú ẹ̀rọ. Lórí ẹ̀rọ aláwọ̀ kan, bébà kan náà ni yóò wọlé lẹ́ẹ̀mẹrin fún èèpo ìwé aláwọ̀: fún búlúù, fún pupa, fún yẹ́lò, fún dúdú. Láàárín ọ̀kan sí èkejì, wọn yóò fọ rọ́là, wọn yóò pààrọ̀ pélétì, wọn yóò sì fi bébà díẹ̀ dán an wò títí àwọ̀ yóò fi bọ́ sójú ara wọn. Ní gbogbo àkókò yìí jẹnẹrétọ̀ ń mu dísẹ́ẹ̀lì, ẹ̀rọ kò sì tẹ ohun tí ẹnikẹ́ni yóò sanwó fún. Ní 1969, Shigeo Shingo bá irú ìṣòro yìí pàdé ní Toyota: ẹ̀rọ ìtẹrin kan tí agbára rẹ̀ jẹ́ 1,000 tọ́ọ̀nù ń gba wákàtí 4 kí wọ́n tó pààrọ̀ irin inú rẹ̀. Wọ́n dín in kù sí ìṣẹ́jú 90, lẹ́yìn náà sí ìṣẹ́jú 3. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé kí a ya ohun tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dúró kí a tó ṣe é sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a lè ṣe nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ. Ẹni tí ń gúnyán mọ̀ ọ́n: kì í ṣe ìgbà tí iṣu bá jinná tán ni à ń wá odó kiri. Pélétì, yíǹkì àti bébà iṣẹ́ tí ó kàn yẹ kí ó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kí ti ìsinsìnyí tó parí.

Lórí ìjójúlówó, èdè wa ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: bí àmì bá yí, ìyàwó lè di ẹni tí ó fẹ́ ohun èlò oko. Mo ti rí ìwé ewì kan tí gbogbo ẹ inú rẹ̀ di onígun mẹ́rin, nítorí pé kọ̀ǹpútà ẹni tí ó ṣe pélétì kò ní irú lẹ́tà tí òǹkọ̀wé fi tẹ iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n dì í tán ni a tó mọ̀. Àṣìṣe kan náà, bí a bá rí i lórí kọ̀ǹpútà, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń ná ni. Lórí pélétì, iye pélétì kan. Lẹ́yìn dídì, gbogbo bébà. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ láti ìgbà Walter Shewhart ní 1924 fi ń sọ pé ẹnu iṣẹ́ ni à ń ṣọ́ iṣẹ́, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà àbájáde. Ní Ṣómólú, níbi tí iṣẹ́ ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́, ẹni tí ó gbà á ni ó yẹ kó kọ̀ ọ́ bí kò bá pé. Kí òǹkọ̀wé fọwọ́ sí abala kan tí ó dára, kí abala náà sì máa bá iṣẹ́ lọ láti ilé dé ilé.

Mo wá dé orí ara ẹni tí ń ṣiṣẹ́. Bébà tí ó fẹ̀ ní 64 sẹ̀ǹtímítà tí ó gùn ní 90, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 80 gíráàmù ní mítà onígun mẹ́rin kan: ìdì kan tí ó jẹ́ abala 500 yóò wọn 23 kílógíráàmù. Ní 1991, NIOSH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń ṣèwádìí lórí ààbò lẹ́nu iṣẹ́, fi 23 kílógíráàmù gan-an ṣe òté fún ohun tí ènìyàn yẹ kó fi ọwọ́ gbé, ìyẹn bí ẹrù bá sún mọ́ ara, tí a kò yí ẹ̀yìn, tí a kò sì gbé e léraléra. Bí èyíkéyìí nínú wọ̀nyí bá yẹ̀, òté náà ń wálẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin tí mo ń rí lójú pópó ń ru ìdì méjì lórí. Láti oṣù kẹsán-án ọdún 2022 tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ṣómólú, ọmọlanke yẹ kó wúlò sí i. Ilé Ìwòsàn Egungun ti Ìgbóbì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1943 fún àwọn sójà tí ó fara gbọgbẹ́ lójú ogun, kò jìnnà sí wọn. Kò yẹ kí ó jẹ́ ibi tí wọn yóò parí iṣẹ́ sí.

Àwọn obìnrin tí ń to ojú-ìwé jọ ń tẹ̀ lé tábìlì tí ó rẹlẹ̀ jù. Fún irú iṣẹ́ ọwọ́ fífúyẹ́ bẹ́ẹ̀, ìsàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́ díẹ̀ ni ó yẹ kí ojú tábìlì wà. Káfíńtà lè fi igi gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè ní ọ̀sán kan. Ti ẹ̀rọ ìgébèébà le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí tí wọ́n fi fún un ní bọ́tìnì méjì ni kí ọwọ́ méjèèjì lè wà lóde nígbà tí ọ̀bẹ bá ń bọ̀. Ẹni tí ó bá so ọ̀kan mọ́lẹ̀ kí iṣẹ́ lè yá ti fi ìka ẹlòmíràn dúró.

Ibí yìí ni mo ti padà sọ́dọ̀ Taylor. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1911, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìṣohun-ìjà ní Watertown, ní Amẹ́ríkà, da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí aago tí wọ́n fi ń ṣọ́ wọn. Àwọn obìnrin tí mo sọ ń gba owó lórí iye tí wọ́n bá tò. Bí tábìlì bá ga tó, tí wọ́n sì tò ju ti àná lọ, ọ̀gá lè sọ pé owó ẹgbẹ̀rún kan ti pọ̀ jù. Ẹni tí yóò bá mú ìmọ̀ yìí wọ Ṣómólú gbọ́dọ̀ bá àwọn ọ̀gá fohùn ṣọ̀kan lórí owó náà ṣáájú kí káfíńtà tó dé.