Àmì Orí Lẹ́tà: Ohun Tí Eku Fi Hàn Wá Nípa Àrùn Silver-Russell

Àwa tí a mọ̀wé kà mọ̀ pé ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kò yàtọ̀ ní lẹ́tà. Àmì orí wọn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun kan tí ó jọ èyí ń bẹ nínú ara wa. Nínú sẹ́ẹ̀lì wa ni ìwé kan wà tí à ń pè ní DNA, tí jíìnì kọ̀ọ̀kan dàbí ẹsẹ kan nínú rẹ̀. Àwọn àmì kéékèèké wà lórí lẹ́tà rẹ̀, tí ń sọ ẹsẹ tí sẹ́ẹ̀lì yóò kà àti èyí tí yóò fò. Bí àmì bá ṣìnà, àrùn lè dé, bí lẹ́tà kankan kò tilẹ̀ yẹ̀.

Irú rẹ̀ ni àrùn Silver-Russell, tí a fi orúkọ dókítà méjì tí ó ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1953 àti 1954 pè. Ọmọ tí ó ní i a máa kéré láti inú oyún. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, àmì tí ó yẹ kí ó wà lẹ́bàá jíìnì H19, lórí ẹ̀dà tí ọmọ gbà lọ́dọ̀ baba, ti dínkù. Nígbà náà ni H19 tí ó yẹ kí ó dákẹ́ yóò máa sọ̀rọ̀, Igf2 tí ń mú ọlẹ̀ dàgbà yóò sì rẹ ohùn sílẹ̀.

Báwo ni a ó ti wá ìwòsàn? Kò yẹ kí a kọ́kọ́ dán an wò lára ọmọ ọlọ́mọ; eku ni í ṣáájú. Ṣùgbọ́n bí a bá gé lẹ́tà eku kúrò kí ó lè kéré, àrùn rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọ náà. A kò sì lè dá àmì padà sórí lẹ́tà tí kò sí mọ́.

Ní 2020, Horii, Hatada àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Gunma, ní ilẹ̀ Japan, tọ ọ̀nà mìíràn. Wọ́n lo Cas9, ohun èlò tí í gé DNA, ṣùgbọ́n irú èyí tí a ti ká eyín rẹ̀: ó lè rí ibi tí a rán an, kò lè gé e. Wọ́n fi í darí TET1, tí í pa àmì rẹ́, lọ sí ibi náà. Àmì ibẹ̀ dínkù, lẹ́tà ibẹ̀ kò yẹ̀, a sì bí àwọn eku tí ara wọn kéré.

Eku kì í ṣe ènìyàn, ohun tí ó wo eku sàn sì lè má wo ọmọ sàn. Síbẹ̀, a ti rí ẹ̀rí pé pípàdánù àmì tó láti mú àrùn wá. Níwọ̀n bí lẹ́tà sì ti pé níbẹ̀, ìrètí wà pé a lè tún àmì náà kọ.