Ọ̀dà gúlọ́ọ̀sì, epo bẹntiróòlù àti àlùwàlá péńtà

Bí ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀pọ̀ ilé ní Mushin, Surulere àti Yaba ni wọ́n máa ń kùn lákọ̀tun. Omi lásán ni péńtà fi ń po ọ̀dà ara ògiri. Ti ilẹ̀kùn àti irin fèrèsé yàtọ̀: gúlọ́ọ̀sì ni, ọ̀dà olóróró, omi kì í sì bá a pò. Bí ó bá ki jù, tápẹ́ńtáìnì ló yẹ kí wọ́n fi mú un ṣàn. Ṣùgbọ́n nítorí owó, àwọn mìíràn a fa bẹntiróòlù láti inú jẹnẹrétọ̀, wọn a dà á sí i.

Gáàsì tó ń jáde lára bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ilẹ̀ ló ń rìn. Nínú ilé tí yàrá kọjú síra, tí sítóòfù wà ní kọ́rídọ̀, ó lè gba abẹ́ ilẹ̀kùn débẹ̀, kí iná sì tẹ̀lé e padà wá bá péńtà. Bẹ́ńsíìnì tún wà nínú rẹ̀, ohun tó máa ń fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Láti ọdún 1989 ni àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ WHO ti ka iṣẹ́ péńtà fúnra rẹ̀ mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Ìbòmú aláṣọ kò lè dá gáàsì dúró; fèrèsé ni kí ẹ ṣí sílẹ̀.

Kẹrosínì kì í tètè gbiná tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dà yóò pẹ́ kó tó gbẹ. Tínà tí àwọn tó ń fín ọkọ̀ ní Ládípọ̀ ń lò lè mú kí ọ̀dà àtijọ́ hunjọ. Tápẹ́ńtáìnì náà, díẹ̀ ló ń fẹ́: bíi 200 sí 400 mílílítà fún agolo lítà 4.

Ibi tó kan àwa Mùsùlùmí gbọ̀ngbọ̀n ni àlùwàlá. Gúlọ́ọ̀sì tó lẹ̀ mọ́ awọ kì í jẹ́ kí omi débẹ̀, péńtà tó bá sì gbọ́ ìpè ìrun Àyílà mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ bó o kúrò. Bẹntiróòlù ló sún mọ́ ọn jù, ló bá fi fọ ọwọ́, fọ apá, nígbà mìíràn ojú pàápàá. Lójoojúmọ́! Epo yìí ń fọ ọ̀rá ara dànù, awọ a gbẹ, a sán, a máa yún. Òróró tí a fi ń dáná ló dára: ẹ fi pa ojú ibẹ̀ kí ọ̀dà tó gbẹ, ẹ fi àkísà nù ún, lẹ́yìn náà ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ dáadáa. Ẹni tó bá wọ ìbọ̀wọ́ kò tilẹ̀ ní ṣe wàhálà yìí.

Àkísà ọ̀dà, ẹ má kó o jọ sí igun yàrá. Òróró ara rẹ̀ ń gbóná bó ṣe ń gbẹ, ó sì lè gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Ẹ sá a síta.

Ẹ má sì rọ tápẹ́ńtáìnì tó ṣẹ́ kù sínú ìgò mínírà tàbí ike omi. Ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ kò ní bèèrè kó tó gbé e mu. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa gbà pé epo pupa ń pa májèlé. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń bì, tápẹ́ńtáìnì lè ya sínú ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ló sì ti ń pani. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. LUTH wà ní Ìdí-Àràbà. Ẹ mú ìgò náà dání, kí dókítà lè mọ ohun tó mu.