Bí Àlejò Ṣe Lè Wọkọ̀ ní Sùúrùlérè, Yábàá àti Múṣìn

Ìwé yìí wà fún ẹni tó wá kí ẹbí ní Sùúrùlérè ní Èkó, ẹni tó wá gba ìtọ́jú ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sí Yunifásítì Èkó ní Akọkà, àti ẹni tó wá ra páàtì ọkọ̀ ní Ládípọ̀.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹ mọ orúkọ ibùdókọ̀ tí ẹ máa bọ́ sí. Nọ́ńbà ilé nìkan kò tó, nítorí kọ̀ńdọ́ kì í pe ojúlé, ibùdókọ̀ ló ń pè. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ bi ẹni tí ẹ fẹ́ lọ bá pé: "Ọkọ̀ ibo ni mo máa wọ̀? Ibùdókọ̀ wo ni mo máa bọ́ sí?" Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, torí iná fóònù lè tán lójú ọ̀nà.

1. Káàdì Cowry

Ẹ tètè ra káàdì yìí. Òun ni wọ́n fi ń wọ bọ́ọ̀sì BRT, ọkọ̀ ojú irin Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó àti ọkọ̀ ojú omi LAGFERRY. Wọn kì í gba owó ọwọ́ nínú BRT àti ọkọ̀ ojú irin yìí. Ẹ lè rà á, kí ẹ sì kówó sí i, ní àwọn ibùdókọ̀ ńlá àti ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ẹ fi kan ẹ̀rọ nígbà tí ẹ bá ń wọlé, kí ẹ sì tún fi kàn án nígbà tí ẹ bá ń jáde, kí ẹ̀rọ lè mọ ibi tí ẹ dé.

2. Ọkọ̀ ojú irin

*Red Line* bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù Ọ̀wàrà (October) 2024. Láti Agbádó, ó ń gba Ìjù, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Múṣìn àti Yábàá dé Ọyíngbò. Ẹni tó wà ní Yábàá tàbí Múṣìn tó fẹ́ dé Ìkẹjà láìbá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ pàdé, òun ni kó wọ̀. Kì í kọjá lemọ́lemọ́ bíi bọ́ọ̀sì, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ béèrè àkókò rẹ̀.

*Blue Line* ti ń kó èrò láti oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ (September) 2023, láti Mile 2 dé Marina. Ará Sùúrùlérè tó ń lọ sí Erékùṣù Èkó lè wọ̀ ọ́ ní ibùdó National Theatre ní Ìgànmú.

Ọkọ̀ ojú irin Ìbàdàn yàtọ̀ sí méjèèjì. Ti ìjọba àpapọ̀ nìyẹn, tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ ló ní. Ibùdó Mobọ́lájí Johnson ní Alágómejì, Yábàá, ló ti ń gbéra, ó sì ń gba Abẹ́òkúta kọjá.

3. Bọ́ọ̀sì BRT

Láti ọdún 2008 ni BRT ti ní ojú ọ̀nà tirẹ̀ lórí Ìkòròdú Road. Ẹ lè wọ̀ ọ́ ní ibùdókọ̀ bíi Fadéyí àti Onípáànù. Ẹ tò sórí ìlà, kí ẹ sì ka ibi tó ń lọ tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń lọ sí ibì kan náà.

4. Dáńfó

Dáńfó aláwọ̀ ìyeyè onílà dúdú ló ń dé ibi tí àwọn yòókù kì í dé. Ní Ojúẹlẹ́gba, ẹ ó rí ti Láwánsọ̀n, ti Yábàá àti ti Múṣìn. Ẹ béèrè iye owó kí ẹ tó wọlé, torí owó ọkọ̀ máa ń gbéra tí òjò bá rọ̀ tàbí tí ilẹ̀ bá ń ṣú.

Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání. Tí kọ̀ńdọ́ bá ké pé "Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!", kò ṣeré. Tí kò bá ní ṣéńjì, á fún ẹ̀yin àti èrò mìíràn ní bébà owó kan ṣoṣo, pé kí ẹ lọ pín in nílẹ̀. Ẹ wo ojú ẹni tí wọ́n so yín pọ̀ mọ́ dáadáa, kó má bàa bọ́ sílẹ̀ ṣáájú yín tòun towó. Tí ó bá ku díẹ̀ kí ẹ dé ibùdókọ̀ yín, ẹ pariwo pé "Ó wà o!", kí dẹ́rẹ́bà lè dúró.

5. Kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ọ̀kadà

Kẹ̀kẹ́ dára fún ọ̀nà tí kò jìn, bíi inú àdúgbò. Kí ẹ tó jókòó, ẹ sọ fún ọlọ́kọ̀ pé èrò ni yín, pé ẹ kò gba "drop". Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀yin nìkan lẹ máa san owó gbogbo àga.

Ẹ má gun ọ̀kadà. Ìjọba ti fòfin dè é ní Sùúrùlérè àti Lagos Mainland, níbi tí Yábàá wà, láti ọjọ́ 1 oṣù Òkúdù (June) 2022, wọ́n sì fi Múṣìn kún un ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún náà. Òfin náà mú ẹni tó ń gùn ún àti èrò tó gbé.

6. Ọkọ̀ tí a ń fi fóònù pè

Uber, Bolt, inDrive àti LagRide wà ní gbogbo agbègbè yìí. Ẹ rí i pé nọ́ńbà ọkọ̀ àti ojú awakọ̀ bá ti orí fóònù mu kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn.

7. Ààbò yín

• Inú gáréèjì tàbí ibùdókọ̀ ni kí ẹ ti wọ dáńfó. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ "one chance" tó ń ja èrò lólè, ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n ti ń gbéèyàn.
• Ẹ má jókòó sójú fèrèsé kí ẹ máa tẹ fóònù nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.
• Ẹ gbé báàgì síwájú àyà ní Ojúẹlẹ́gba àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Tèjúoṣó.
• Tí ọ̀nà bá rú yín lójú, ẹ bi oníṣọ́ọ̀bù tàbí òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀. Ẹ má tẹ̀ lé ẹni tó ní òun fẹ́ mú yín débẹ̀.

Bí ìjàǹbá, olè tàbí àìsàn òjijì bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe 767 tàbí 112. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ sọ orúkọ ibùdókọ̀ tó sún mọ́ yín jù lọ fún ẹni tó bá gbé fóònù náà.