Bí Gìrì Bá Gbé Ọmọdé

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá ní ilẹ̀ Ìmọ̀tà, ọ̀ràn gìrì kì í ṣe ohun tí à ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Bí ara ọmọdé bá gbóná tí gìrì sì gbé e, igbe á ta ní agbo-ilé. Ẹnìkan á fi ṣíbí la ẹnu rẹ̀ tipátipá, òmíràn á na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí iná, ẹlòmíràn á rọ ìtọ̀ màlúù sí i lẹ́nu. Ìfẹ́ ni ó mú wọn ṣe é, ṣùgbọ́n ewu ni: ṣíbí a máa kán eyín, iná a máa jó ẹsẹ̀, àgbo sì lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tí kò mọ ara rẹ̀.

Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà lélẹ̀, kí itọ́ lè ṣàn jáde. Ẹ tú aṣọ ọrùn rẹ̀. Ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ wo aago: bí gìrì náà bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ẹ pe 112 tàbí 767, tàbí kí ẹ sáré gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn ìjọba ní Ìkòròdú. Bí ó tilẹ̀ dáwọ́ dúró, ẹ mú un lọ bákan náà, kí wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, bóyá ibà tí ẹ̀fọn ń fà ni.

Ìfarabalẹ̀ àwa òbí ni ìtọ́jú àkọ́kọ́.