Tíṣà Tí Ń Fi Òru Kọ́ Kàrátè

Bí a bá ní kí àwọn bàálé ilé ìgboro máa na ara díẹ̀, ohun tí wọn yóò sọ ni pé àyè kò sí. Wọ́n á jí lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á jókòó títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á dé ilé, wọ́n á jẹ ẹ̀bà, ó di orí ibùsùn. Irú wọn ni mo fẹ́ sọ ìtàn Gichin Funakoshi fún, ọkùnrin tí ó gbé kàrátè, ìjà tí a kì í mú ohun ìjà lọ́wọ́, kúrò ní erékùṣù Okinawa dé Tokyo, olú-ìlú Jàpáànì.

Ní Shuri, ní Okinawa, ni a bí i sí ní 1868. Oṣù rẹ̀ kò pé, ara rẹ̀ sì hẹ́gẹ́hẹ́gẹ́ débi pé àwọn ẹbí rò pé kò ní pẹ́ láyé. Nígbà tí ó wà ní ilé ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ kàrátè lọ́dọ̀ bàbá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Azato, ara rẹ̀ sì ń le sí i. Ní 1888 ó di tíṣà àwọn ọmọ kékeré. Kò torí kàrátè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Òru ni ó ń lọ sílé ọ̀gá rẹ̀, pẹ̀lú àtùpà lọ́wọ́ bí òṣùpá kò bá yọ. Àwọn aládùúgbò ní ilé aṣẹ́wó ni ó ń lọ. Ẹnu ayé, kò sí ibi tí kò sí!

Kì í ṣe ìjà ni wọ́n ń jà níbẹ̀ o. Ìgbésẹ̀ kan náà ni ọ̀gá yóò ní kí ó tún ṣe, lóṣooṣù, kí ó tó kọ́ òmíràn. Irú ìdárayá báyìí, díẹ̀díẹ̀, láìdáwọ́dúró, ni ara ń fẹ́. Ó ń mú kí ọkàn àti iṣan lágbára ju eré àsápajúdé tí a ń ṣe lẹ́ẹ̀kan lóṣù lọ.

Ṣùgbọ́n ta ni ń tọ́jú ilé? Funakoshi fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé nígbà tí òun gbéyàwó, yen 3 ni owó oṣù òun, ènìyàn mẹ́wàá ni ó sì ń jẹ nínú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ a máa hun aṣọ títí di òru, sen 6, tí í ṣe kọ́bọ̀ tiwọn, ni owó aṣọ kan. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti wà lóko ẹ̀fọ́. Ojú ń ti tíṣà láti jẹ́ kí a rí òun lóko pẹ̀lú ìyàwó, nítorí náà bí ó bá máa bá a lọ, àkẹtẹ̀ ńlá ni ó ń dé bojú. Ó ní ìgbà tí obìnrin náà ń sùn kò yé òun.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo lọ wo àwọn ará ilé yẹn, obìnrin náà ni n bá kọ́kọ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Àgbàlagbà kò gbọdọ̀ máa sùn kéré sí wákàtí méje lóru. Àìsùn ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Ìdárayá tí ọkọ ń fi oorun ìyàwó rà, ìdajì ilé nìkan ni ó ń wò sàn. Ẹ jókòó, kí ẹ pín ọjọ́: ìrọ̀lẹ́ méjì fún bàbá, méjì fún ìyá, kí ẹni tí ó wà nílé fọ abọ́. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé béèrè kò ju ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ lọ, ìrìn kíákíá sì tó. Ìyàwó Funakoshi náà kọ́ kàrátè, èyí dára púpọ̀. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà.

Ní 1922, ó lọ fi kàrátè han àwọn ará Tokyo, kò sì padà wálé mọ́. Ó ń gbálẹ̀, ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kí ó lè rí jẹ. Ìyàwó rẹ̀ dúró sí Okinawa nítorí ojúbọ àwọn bàbá ńlá wọn. Lẹ́yìn ogun 1945 ni wọ́n tó tún jọ gbé, obìnrin náà sì kú ní 1947. Bàbá lo ọdún 88 láyé. Mo yìn ín fún gbogbo rẹ̀ àfi èyí.

Ọmọ rẹ̀, Gigo, ńkọ́? Láti kékeré ni ikọ́ ife ti mú un. Ó kọ́ kàrátè títí ó fi di ògbóǹtarìgì olùkọ́, síbẹ̀ ó kú ní 1945, kò tí ì pé 40 ọdún. Kàrátè kò lè pa kòkòrò ikọ́ ife, oògùn rẹ̀ kò sì tí ì dé ọ̀dọ̀ wọn nígbà náà. Ó ti dé ọ̀dọ̀ tiwa. Bí ikọ́ bá ti ń bá ẹnikẹ́ni jà fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má ṣe sọ pé ẹ óò fi eré sísá lé e jáde. Ẹ gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ọ̀fẹ́ ni oògùn náà, oṣù mẹ́fà ni a sábà ń lò ó, a kì í sì í dá a dúró ní ìdajì. Bí dókítà bá ní ó tó, ẹ padà sórí pápá.