Ọwọ́ Ọmọdé Kò Tó Pẹpẹ: Ojúṣe Òbí sí Ọmọ Tó Ń Ṣe Ìdánwò Àṣewọlé Ilé-ẹ̀kọ́ Gíga

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí dá lórí ojúṣe òbí sí ọmọ tó ń ṣe ìdánwò UTME, tó sì ń wá àyè wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Nàìjíríà. Òwe àwọn àgbà tó sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè, ni a fi ṣe òsùwọ̀n. A ṣàlàyé ohun tó wà lórí pẹpẹ, èyí tí òbí gbọ́dọ̀ bá ọmọ gbé, àti ohun tó wà nínú kèrègbè, èyí tí ọmọ nìkan lè mú jáde. Èrò wa ni pé ọ̀pọ̀ wàhálà ìgbaniwọlé ló ń ṣẹlẹ̀ nítorí pé òbí fi iṣẹ́ orí pẹpẹ sílẹ̀, ó wá ń ti ọwọ́ bọ kèrègbè. A fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kan ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni àgbà gbọ̀ngbọ̀n, a sì dá àbá.

1. Ìfáárà

Ní ilé tí ọmọ bá ti wà ní ọdún àṣekágbá girama, gbogbo ilé ló ń ṣe ìdánwò. Bàbá ń ka owó fọ́ọ̀mù, ìyá ń gbààwẹ̀, àǹtí tó wà ní ìlú mìíràn ń pe fóònù láti béèrè bóyá ọmọ ń kàwé. Ọmọ náà fúnra rẹ̀, tí ọjọ́ orí rẹ̀ lè má ju mẹ́rìndínlógún tàbí mẹ́tàdínlógún lọ, ló ru ẹrù gbogbo wọn. Láàárín oṣù díẹ̀ síra wọn ni yóò ṣe UTME àti WAEC. Òmíràn a tún fi NECO lé e. Lẹ́yìn ìyẹn ni àyẹ̀wò tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga máa ń ṣe fúnra rẹ̀.

Àwọn òbí wọ̀nyí kò kórìíra ọmọ wọn, wọn kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ohun tó ń dà wọ́n láàmú ni pé ẹnikẹ́ni kò sọ ibi tí iṣẹ́ tiwọn ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí fún wọn. Ìyá tó ta aṣọ rẹ̀ láti sanwó lẹ́sìnnì lè má mọ nọ́ńbà fóònù tí wọ́n fi forúkọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá tó búra pé dókítà ni ọmọ òun yóò dà lè má mọ iṣẹ́ mẹ́rin tí ọmọ náà gbọ́dọ̀ ṣe nínú UTME. Ìfẹ́ pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìfẹ́ náà kò mọ ọ̀nà.

2. Bí Ètò Ìgbaniwọlé Ṣe Rí

Ní 1978 ni ìjọba àpapọ̀ dá JAMB sílẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń gba ọmọ tirẹ̀ wọlé: ọmọ kan lè rí àyè ní ibi mẹ́ta, kí ẹlòmíràn má sì rí ọ̀kan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ń wọ pọ́lì àti ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni àgbà. Ní 2010 ni wọ́n pa wọ́n pọ̀ di UTME. Láti 2015, orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ọmọ ti ń ṣe é. Iṣẹ́ mẹ́rin ni: Gẹ̀ẹ́sì pọn dandan, mẹ́ta yòókù sì gbọ́dọ̀ bá ohun tí ọmọ fẹ́ kọ́ mu. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, fún àpẹẹrẹ, yóò fi Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì ti Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn. Àpapọ̀ máàkì jẹ́ 400.

Èyí tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ ni pé máàkì UTME nìkan kọ́ ló ń gbé ọmọ wọlé. Ẹni tó ń lọ sí yunifásítì gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO. Láti 2005 ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà sì ti ń ṣe àyẹ̀wò tiwọn lẹ́yìn UTME. Ní àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ètò tó wà nílẹ̀ pín àyè sí ọ̀nà mẹ́ta: 45 nínú 100 fún àwọn tí máàkì wọn ga jù, 35 fún àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ tó yí ilé-ẹ̀kọ́ náà ká, 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì fẹsẹ̀ rinlẹ̀ dáadáa níbẹ̀. Nítorí èyí, ọmọ méjì lè gba máàkì kan náà kí ọ̀kan wọlé kí èkejì má wọlé. Òbí tí kò mọ èyí yóò máa fi ọmọ kan na èkejì lẹ́gba ọ̀rọ̀.

3. Ohun Tó Wà Lórí Pẹpẹ

Ohun orí pẹpẹ ni èyí tí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kò lè dá nìkan ṣe: ìwé, àkókò, ìrìn àjò àti owó.

Ìwé ni àkọ́kọ́. Kí ọmọ tó forúkọ sílẹ̀, yóò fi NIN rẹ̀ ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019 lórí fóònù, kódù kan yóò sì padà wá. Nọ́ńbà tó fi ránṣẹ́ yìí ni yóò máa bá a lọ títí dé òpin. Níbi tí òbí ti sọ pé "Ẹ ṣáà bá wa ṣe é", oníkọ̀ǹpútà lè fi nọ́ńbà ara rẹ̀ àti í-meèlì ara rẹ̀ ṣe é. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá fẹ́ wo èsì tàbí tún nǹkan ṣe, kò ní kọ́kọ́rọ́ ilé ara rẹ̀ lọ́wọ́. Bí orúkọ tàbí ọjọ́ ìbí tó wà lórí NIN bá sì yàtọ̀ sí ti ìwé ilé-ẹ̀kọ́, ìgbà tí kò tíì sí ìkánjú ni kí òbí bá a tún un ṣe.

Láti 2017 ni JAMB ti ń lo ètò CAPS. Orí rẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ ti ń fún ọmọ ní àyè, orí rẹ̀ náà sì ni ọmọ gbọ́dọ̀ ti sọ pé òun gbà tàbí òun kọ̀. Ọmọ tó ń retí èsì WAEC nígbà tó forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ padà lọ gbé èsì náà sí orí ètò JAMB nígbà tó bá jáde. Bí kò bá ṣe é, ilé-ẹ̀kọ́ kò ní rí i bí ẹni tó yẹ láti gbà. Èsì UTME ọdún kan kì í sì í bá ọmọ wọ ọdún kejì. Ìdí nìyí tí ọmọ tó gba máàkì tó dára fi lè pàdánù odidi ọdún kan nítorí ohun tí kò ju wákàtí kan lọ ní ilé kọ̀ǹpútà.

Èkejì ni àkókò. Òbí tí kò mọ̀wé lè má lè ṣàlàyé Kẹ́mísìrì, ṣùgbọ́n ó lè dín iṣẹ́ ilé kù. Ọmọbìnrin tó ń jí pọn omi, tó ń gbọ́ oúnjẹ àwọn àbúrò, tó sì ń ti ilé-ẹ̀kọ́ lọ bá ìyá rẹ̀ ní ìsọ̀, kò ní àkókò kankan tó jẹ́ tirẹ̀ àfi òru. Bí ìyá bá pín iṣẹ́ náà fún àwọn ọmọ yòókù, tí ọkùnrin wọn náà sì gba tirẹ̀, ó ti ṣe ju ẹni tó ń sanwó lẹ́sìnnì tí kò fún ọmọ láyè sùn. Orun náà wà lára ìmúra.

Ẹ̀kẹta ni ìrìn àjò. Ibùdó ìdánwò lè jìnnà, aago tí wọ́n ń pe ọmọ sì lè jẹ́ ìdájí. Kí òbí bá ọmọ lọ wo ọ̀nà ṣáájú ọjọ́ náà, kí ó ṣètò ibi tí yóò sùn bí ó bá jẹ́ ìlú mìíràn. Bí wọ́n bá ti dé ẹnu ọ̀nà ibùdó, iṣẹ́ òbí parí níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni owó, ibi tí òtítọ́ ti ṣọ̀wọ́n jù. Kí òbí sọ iye tí agbára òun ká fún ọmọ kí ó tó yan ilé-ẹ̀kọ́, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti wọlé tán. Ìjíròrò náà lè gba ọ̀nà yíyá owó lábẹ́ NELFUND, tí òfin rẹ̀ jáde ní 2024, fún àwọn tó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba.

4. Ohun Tó Wà Nínú Kèrègbè

Ohun méjì ló wà nínú kèrègbè: yíyan ohun tí ọmọ fẹ́ kọ́, àti dídáhùn ìbéèrè.

Ní ti yíyàn, a kò sọ pé kí òbí dákẹ́. Òbí mọ ayé ju ọmọ lọ, ó sì lè béèrè pé, "Èwo nínú iṣẹ́ rẹ ni o máa ń kà láìjẹ́ pé a lé ọ?" Ṣùgbọ́n bíbéèrè yàtọ̀ sí pípàṣẹ. Ọmọ tí wọ́n fi túláàsì yan ìmọ̀ ìṣègùn fún, tó ń gba F nínú Físíìsì láti ọdún méjì, yóò ṣe UTME lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn àbúrò rẹ̀ yóò bá a nílé, wọn yóò kọjá lára rẹ̀. Lójú àwọn ará àdúgbò, olódo ni. Kò sí ẹni tí yóò rántí pé kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan nǹkan kan.

Ní ti dídáhùn, ibẹ̀ ni òbí ti ń ṣe ohun tó burú jù. Owó tí wọ́n ń kó fún àwọn ojúkò tí wọ́n ń pè ní mírákù sẹ́ńtà, owó ẹni tí yóò bá ọmọ jókòó ṣe ìdánwò, owó ìbéèrè tí wọ́n ní ó ti jáde: àpò òbí ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Òfin ọdún 1999 lórí màgòmágó ìdánwò wà nílẹ̀, JAMB àti WAEC sì máa ń wọ́gi lé èsì. Ṣùgbọ́n ìjìyà tó tóbi jù kò sí nínú òfin. Bí òbí bá ra ìdáhùn fún ọmọ, ohun tó sọ fún un láìlanu ni pé, "Mo ti wò ọ́, mo sì ti mọ̀ pé o kò lè ṣe é." Ọmọ yóò gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Nígbà tó bá dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga, yóò máa wá ẹni tí yóò tún rà á fún un.

5. Nígbà Tí Èsì Bá Jáde

Èsì UTME 2025 kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan. Nínú èsì tó súnmọ́ mílíọ̀nù méjì tí JAMB kọ́kọ́ gbé jáde ní oṣù karùn-ún, ó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ tí kò tó 200. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn ọmọ pé fóònù ló bà wọ́n jẹ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà JAMB nígbà náà, jáde pẹ̀lú omi lójú, ó sì jẹ́wọ́ pé àṣìṣe wáyé nínú ètò kọ̀ǹpútà. Ibùdó 157 ní Èkó àti ìpínlẹ̀ márààrún ìlà-oòrùn gúúsù ló kàn. Ọmọ 379,997 ni wọ́n ní kí wọ́n tún ìdánwò ṣe.

Láàárín ọjọ́ tí èsì jáde sí ọjọ́ ìjẹ́wọ́ yìí, kí ni wọ́n ti sọ sí àwọn ọmọ náà nínú ilé? JAMB lè tún ìdánwò ṣe, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn: bó bá balẹ̀, kì í ṣe é kó mọ́. A kò wí pé gbogbo máàkì tó kéré ni ẹ̀rọ fà. Ohun tí a ń wí ni pé kí òbí gbọ́ ti ọmọ ná, kí ó tó dájọ́. Àwọn ìwé ìròyìn ti gbé ìròyìn ọmọ tó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ lẹ́yìn èsì ìdánwò rí. Ọmọ tí kò jẹun mọ́, tí kò sùn, tó ń sọ pé òun kò wúlò fún nǹkan kan, kì í ṣe ẹni tí à ń fi òwe lù. Kí wọ́n má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kí wọ́n sì mú un lọ bá àwọn elétò ìlera.

6. Bí Ọ̀rọ̀ Náà Ṣe Kàn Wá

Ní 2025, máàkì tó kéré jù tí wọ́n fẹnu kò sí fún yunifásítì jẹ́ 150; fún pọ́lì àti ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni àgbà, ó jẹ́ 100. Ọmọ rí nọ́ńbà méjèèjì yìí, òbí náà rí i. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni pé ẹni tí kò tó ni à ń kó lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹni tí yóò kọ́ ọmọ wa. Ìdí nìyí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń wọ kíláàsì wa pẹ̀lú ìtìjú, tí òbí rẹ̀ sì ń sọ fún àwọn ará ilé pé ó ṣì ń dúró de yunifásítì. Ta ni yóò fi ọkàn kọ́ iṣẹ́ tí ilé rẹ̀ kà sí ìjìyà?

Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọdún mẹ́ta ni NCE, òun sì ni ìwé-ẹ̀rí tí ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí kà sí èyí tó kéré jù tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ ní. Ẹni tó bá ṣe é dáadáa lè gba ọ̀nà Direct Entry wọ ọdún kejì ní yunifásítì. Àwa tí a mọ èyí ni kò sọ ọ́ fún òbí kí ó tó di pé ó sunkún.

7. Àbá

(i) Kí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni àgbà kọ̀ọ̀kan máa pe ìpàdé òbí ní àwọn girama tí akẹ́kọ̀ọ́ wa ti ń lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, kí fọ́ọ̀mù JAMB tó jáde, kì í ṣe lẹ́yìn èsì.

(ii) Kí a fi èdè òbí ṣe é. Àpérò elédè púpọ̀ bí èyí ní àwọn tó lè kọ ojú ìwé kan péré lórí NIN, iṣẹ́ mẹ́rin, CAPS àti èsì WAEC ní Yorùbá, Haúsá, Ìgbò, Núpé àti àwọn èdè yòókù tó yí wa ká.

(iii) Kí ẹ̀kọ́ ìtọ́sọ́nà àti ìmọ̀ràn tí à ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE ní bí a ti ń bá òbí sọ̀rọ̀ nínú, kì í ṣe bí a ti ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ nìkan.

(iv) Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí a béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tuntun bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá sọ pé máàkì ló gbé òun wá yẹ kí ó rí olùkọ́ kan tí yóò bá a jókòó.

8. Àgbálọgbábọ̀

Òwe tí a fi bẹ̀rẹ̀ kò bú ọmọdé, kò sì bú àgbà. Ó sọ ibi tí ọwọ́ kálukú dé ni. Òbí tó bá gbé ìwé, àkókò, ọ̀nà àti owó sọ̀kalẹ̀ láti orí pẹpẹ ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ pé. Kí ó wá jókòó ti ọmọ, kí ó dúró, nígbà tí ọmọ bá ń ti ọwọ́ kékeré rẹ̀ bọ kèrègbè. Ohun yòówù tó bá mú jáde, kí ó bá òbí rẹ̀ níbẹ̀.